Òwe Ọlọ́rọ̀ Mẹ́rin Nílé Bàbá Lin

Olùtọ́jú arúgbó mẹ́rin ni Bàbá Lin ti lé kí n tó débẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn kò lò ju wákàtí kan lọ. Mánéjà wa, obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló pè mí sí ọ́fíìsì láti kìlọ̀ fún mi.

"Sister, mi ò ní parọ́ fún ẹ," ó ní. "Client yẹn difficult gan-an. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ní hours tó lè gbé sponsorship ẹ dúró. Tó bá fi lè reject ẹ, mi ò ní nǹkan kan fún ẹ mọ́ o. Wọ́n á cancel paper ẹ nìyẹn."

"Ẹ ṣé, ma."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Nínú àwọn méjì tí mò ń tọ́jú tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ti kú, wọ́n sì ti gbé èkejì lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ilé iṣẹ́ ló gbé ìwé ìgbélùú irú wa dúró; bí wọ́n bá já wa sílẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba ń fún wa láti wá ẹlòmíràn tí yóò gbà wá. Bí a kò bá rí, ká di ẹrù padà sílé. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo ti ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo ti fi Tèmi, ọmọ mi kan ṣoṣo, sọ́dọ̀ màmá mi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Èmi ti fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọ̀n ọ́n, omi sì ti dé ọrùn.

Ilé Bàbá Lin wà ní àjà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Woolwich Common. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣe wí, mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Good morning, Daddy."

Bàbá náà, ará Ṣáínà kan, jókòó lójú fèrèsé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbé e lé itan bí ẹni tó gbé ohun ẹlòmíràn dání. Ó wò mí títí. Òyìnbó lèmi àti òun jọ ń sọ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bó ṣe dún nínú ọkàn mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

"Ọmọ kan ni mo bí," ó ní. "Ìwọ kọ́. Dìde nílẹ̀."

Ó tán. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò bá mi sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo wọṣọ fún un, mo fún un lóògùn, mo tẹ gbogbo ohun tí mo ṣe sínú fóònù ilé iṣẹ́. Bí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rò pé òní ló máa lé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí nílùú yìí. Òtútù, èèyàn lè wọ kóòtù sí i. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo fi ń jẹun. Nínú ilé tí mo ti gba yàrá kan ní Thamesmead, lẹ́yìn Harrow Manorway, àwa mẹ́rin la jọ ń lo ilé ìdáná, oníkálukú ló sì ní àgádágodo tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà kan wà níbẹ̀. Mo kí i pé "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní "You alright?" Kí n tó la ẹnu láti sọ bí ara mi ṣe rí, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí orí fóònù àti ìjọ, n kò ní sọ gbólóhùn Yorùbá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè hó, iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Búrẹ́dì ló parí ìjà èmi àti Bàbá Lin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti pinnu pé tipátipá ni yóò fi fẹ́ràn mi. Mo yan búrẹ́dì, mo fi bọ́tà sí i, mo fi jáàmù lé bọ́tà, mo din ẹyin lé e, mo tún gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yí i ká. Bàbá wo àwo náà, ó wò mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ní èdè rẹ̀: huà shé tiān zú. Ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó ya ejò kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ sẹ́yìn ìwé dókítà. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i.

Ó ní nígbà láéláé, àwọn kan ní ife ọtí kan ṣoṣo, wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ya ejò tán ni yóò mu ún. Ẹnì kan parí kíákíá. Nígbà tó rí i pé àwọn tó kù ṣì ń yà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹlòmíràn bá gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ejò kì í lẹ́sẹ̀, ohun tó yà kì í ṣe ejò mọ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ ní Yorùbá. "Àṣejù, baba àṣetẹ́!"

"Kí lo sọ yẹn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ là. Ó ní ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọba wo ló wà lórí oyè nígbà náà. Mo ní a kò mọ̀, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Ó mirí. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, púpọ̀ nínú òwe ọlọ́rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí ló ní ìtàn nínú, ẹni tó bá sì kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà láìkọ́ ìtàn rẹ̀, èèpo ló kó, ó fi iṣu sílẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe nílé?"

"Tíṣà ni mí, sà."

"Tíṣà lèmi náà." Ó ní Sátidé Sátidé lòun fi ń kọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ìlú yìí ní èdè wọn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, títí ọwọ́ òun fi kú. Ó ní ọmọ òun gan-an sá kúrò ní kíláàsì náà. Ó na ìka sí àga. "Jókòó, Tíṣà."

Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní mò ń lọ gbé tíì wá. Nílé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, òwe kan lójúmọ́. Mo ra ìwé kan tí mò ń kọ wọ́n sí. Èdè wọn ní ohùn bíi tiwa, ó ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀, etí mi sì tètè gbà á. Ó sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé inú kànga, tó rò pé ojú ọ̀run kò ju ẹnu kànga lọ. Mo ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ó sọ ti ọkùnrin tó rí ejò nínú ife ọtí níbi tó ti ṣe àlejò, tó délé tó dùbúlẹ̀ àìsàn, kó tó di pé ẹni tó gbà á lálejò fi hàn án pé òjìji ọrun tó wà lára ògiri ló rí. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í kàn ṣàdédé pa òwe níwájú àgbà, ó ní láti tọrọ gáfárà pé, "Tótó ó ṣe bí òwe o," kí àgbà sì dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Èyí ló fẹ́ràn jù. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òun nínú ilé yìí kó tó ṣe é.

Màmá mi kò gbà mí gbọ́ lórí fóònù. "Ṣé Ṣáínà lo lọ ni, àbí Lọ́ńdọ̀nù?"

"Lọ́ńdọ̀nù ni, Màmá."

"Kí wá lo fẹ́ fi òwe Ṣáínà ṣe?"

"Òun ni ò jẹ́ kí wọ́n lé mi."

"Kọ́ ọ dáadáa nígbà náà. Tèmi rèé, ó fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

Tèmi ní, "Mummy, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní láìpẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ọmọ náà kì í tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, èyí ló sì ń dùn mí jù.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́ mi ní luò yè guī gēn, kò sí ẹ̀rín. Ewé tó bá já, ìdí igi ni yóò padà bọ́ sí. Mo ní a ní irú rẹ̀: àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Ó wo ìta, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń sáré lórí Common. Ó ní bí òun bá padà lónìí, ta ni yóò mọ òun? Àwọn tó mọ orúkọ tí ìyá òun ń pe òun ti kú tán. Ìyàwó òun sì wà nínú ilẹ̀ níhìn-ín.

"Ìdí igi wo ni kí n bọ́ sí, Tíṣà?"

Mo rò ó títí nínú bọ́ọ̀sì. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ni tirẹ̀. Nísinsìnyí ó ń jọ mí lójú pé ibi tí ẹnì kan ti ń retí ẹni ni tẹni. Ní Ṣàgámù, èèyàn méjì ń retí mi, wọ́n sì ń jẹun nítorí pé n kò sí níbẹ̀. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń retí mi àfi bàbá yìí, òun náà sì lè lé mi bó bá wù ú.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead la sọ di ilé Ọlọ́run. Sọ́ńdè ìkórè wa, ìsìn ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi gbọ̀n. Mánéjà ni.

"Sister, please, carer tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ Mr Lin ò show up. Baba ò tíì jẹun láti morning. Please go now now."

N kò ráyè pààrọ̀ aṣọ. Mo gbé kóòtù lé sùtánà, mo sáré. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ya fọ́tò àyà Bàbá ní ọsibítù nítorí ikọ́ kan tí kò lọ, èsì kò tíì jáde, mo sì ti ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún un. Ẹnu ọ̀nà ni mo bọ́ kóòtù àti bàtà sí. Mo wọlé lẹ́sẹ̀ lásán, mo funfun láti fìlà orí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ òsì di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ó sọ ohun kan ní èdè rẹ̀ tí n kò tíì kọ́. Mo rò pé àyà ló ń dùn ún, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Mo ṣe ohun tí àwa ọmọ ìjọ wa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà wá. Mo kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ké pe Ọlọ́run tomijétomijé pé kó má mú un lọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ti kọjú sí ògiri. Kò jẹun. Kò wò mí mọ́ títí mo fi lọ.

Mei, ọmọ rẹ̀, ló pè mí lọ́jọ́ kejì. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ìlú mìíràn ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá. Ó ní òun mọ̀ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú bàbá òun, bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ á wọ funfun, wọ́n á fi funfun borí, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú pósí, wọ́n á fi orí kanlẹ̀, wọ́n á sì sunkún.

"Dad ní òun ò tíì kú, o ti sin òun," ó ní. "Jọ̀ọ́, má wá mọ́. I'm really sorry."

Mánéjà kò pẹ̀lẹ́ rárá. "Sister! Sùtánà! O wọ sùtánà lọ sí workplace?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ now now, ma."

"Ṣé mo ní kó o lọ ṣe funeral ni? Ó ti wà lórí system, mi ò lè hide ẹ̀. Máa retí letter ẹ."

Mo rìn lọ sí Lesnes Abbey, ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tó ti wó, mo jókòó sáàárín àwọn òkúta ibẹ̀. Mo ṣí ìwé mi. Òwe tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì. Mo mọ ìtàn gbogbo wọn, mo mọ ohùn wọn, tíṣà ńlá! Kò wá sí ọkàn mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti béèrè irú aṣọ tí wọ́n fi ń sunkún. Mo débi òwe bàbá arúgbó kan tí ẹṣin rẹ̀ sọnù, tó ní ta ló mọ̀ bóyá ire ni, ẹṣin náà sì mú ẹṣin mìíràn bọ̀. Mo fẹ́ fa ojú ìwé náà ya. Ẹṣin tèmi ti lọ, n kò rí ire kankan nínú rẹ̀. Màmá mi pè, mo ní ara mi le, Bàbá ń kí wọn. Nígbà tí mo pa fóònù, mo ro ohun tí kò yẹ kí abiyamọ rò. Orúkọ Tèmi ni mo ń pè sókè títí èrò náà fi kúrò.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n bẹ̀. Mei ti sọ pé pupa ni àwọ̀ ayọ̀ àti ẹ̀mí gígùn lọ́dọ̀ wọn. Ní ìjọ wa, a kì í wọ pupa, òfin ni. Mo ra aṣọ pupa kan ní ọjà Woolwich, mo wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù. Àdúrà kan ṣoṣo tí mo gbà nínú bọ́ọ̀sì ni pé kí wòlíì wa má wọ bọ́ọ̀sì yẹn.

Mei ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo aṣọ mi, ó yà fún mi kí n wọlé. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ó ti rù sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dúró lóòró láti kí àgbà. N kò jẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́ láé.

"Tótó ó ṣe bí òwe o," mo ní. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà bó ṣe kọ́ mi: bēi gōng shé yǐng. "Òjìji ọrun lẹ rí nínú ife, sà, ejò kọ́. Aṣọ àdúrà mi lẹ rí, kì í ṣe aṣọ òkú. Mo bẹ̀ yín."

Ó mirí.

"Ejò ni, Tíṣà," ó ní. "Èsì ti jáde. Jẹjẹrẹ ni, ó ti mú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì."

Mei yíjú sí fèrèsé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàbá ní kì í ṣe ìbínú ló mú òun kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ló ba òun, nítorí pé mo ṣe é dáadáa. Láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú lòun ti ń ronú ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún òun nílẹ̀ yìí. Ibí yìí ni wọ́n bí Mei sí, kò mọ̀ ọ́n ṣe, òun kò sì bínú sí i. Òun kò mọ̀ pé ará Áfíríkà kan ni yóò wọlé lẹ́sẹ̀ lásán tí yóò ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òun.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìjọ mi ni, sà."

"Bí ìgbà bá tó, kí o tún wá ṣe é. Kó tó dìgbà náà, n kò fẹ́ rí aṣọ yẹn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ti ara rẹ yìí náà kò yẹ ọ́."

Báyìí ni iṣẹ́ mi ṣe padà. Mei pe ọ́fíìsì, mánéjà pè mí, ó ní, "God is faithful, Sister! Mo ti withdraw letter yẹn." Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ yọ̀, ayọ̀ náà kò wá. Dókítà kò dárúkọ oṣù fún wa, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá yìí bá mí èémí ìkẹyìn ni ọgọ́ta ọjọ́ tèmi yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ń gun àtẹ̀gùn láàárọ̀, mò ń tẹ́tí, bí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bóyá èmi nìkan ni mò ń dúpẹ́ nítorí ikọ́ ní gbogbo Woolwich. Màmá mi ń gbààwẹ̀ fún un ní Ṣàgámù. Mo máa ń gbàdúrà kó má kú, n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá òun ni mò ń gbà á fún àbí ara mi. Ìtìjú rẹ̀ ń jẹ mí nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun. Mo gbé ògì wá, ó mirí. Mo jókòó tì í, mò ń gbàdúrà sínú.

"Kí lò ń sọ fún Ọlọ́run rẹ?" ó bi mí.

Mo lè parọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa parọ́.

"Mo ní kó má mú yín lọ, sà. Bí ẹ bá lọ, wọ́n á lé mi."

Ojú tì mí, mo wolẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rín. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀.

"Dókítà ní kí n sinmi," ó ní. "Mei ní kí n má jà mọ́, kí n sinmi. Gbogbo wọn ló ti gbà pé kí n máa lọ. Ìwọ nìkan ni kò gbà."

"N kò gbà, sà."

"Gbé abọ́ yẹn wá."

Mo mú ṣíbí. Ó jẹ ọ̀kan, ó sinmi, ó jẹ òmíràn. Ṣíbí mẹ́fà ló jẹ. Ó ní kí n bo ìyókù, òun yóò jẹ ẹ́ lọ́sàn-án.